Nítorí Yàrá Irin Àti Ìwọ̀n Tí Wọ́n Fi Ọkùnrin Wọ̀n

Ilé wa ní Ìsọlọ̀,
Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀.

Múníràtù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni ìwọ àti Gàníyù ọkọ rẹ wà? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó níbẹ̀ ti dẹwọ́ díẹ̀? Àwa wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Bí o bá rí i pé mo kọ̀wé wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, má ṣe rò pé ojú mi ti ń ṣú. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí ìwé ojú òfurufú yìí, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́ta ni èèyàn kọ sí i, ìbáà kọ ọ́ kún dé etí, n kò sì ní fi àyè tí mo ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mẹ́ta ni mo rà. Mo fi nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn kí o lè mọ èyí tí o máa kọ́kọ́ ṣí.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni lẹ́tà rẹ bá mi. Mo kà á, mo tún un kà, mo gbé aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo dìde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwá sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń dúró de aṣọ rẹ̀ ní, “Ìyá Múnírá, ṣé kò sí?”

Mo ní, “Ohun ayọ̀ ni. Wọ́n fẹ́ wọn ohun kan lára ọmọ mi tí wọn kò tíì wọ̀n lára obìnrin kankan ní ọsibítù wọn.”

Ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n. Ṣé iṣẹ́ télọ̀ náà ló wá lọ kọ́ lọ́hùn-ún ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn ni inú mi ti ń dùn bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n pè. Àmọ́ ìdùnnú kì í ṣe ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn lo sì béèrè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe lóye rẹ̀, kí o lè tún mi ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í.

Yàrá irin kan wà ní ọsibítù yín, ó rí roboto bí táǹkì omi ojú irin, ó sì gba aláìsàn kan àti nọ́ọ̀sì kan. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bí a ti ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ó bá ti le dáadáa, aláìsàn á wá máa mí ògidì atẹ́gùn tí ẹ ń pè ní ọ́síjìn láti inú ìbòmú. O ní ó ń gba àwọn tí èéfín èédú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mọ́ inú ilé sílẹ̀, o ní ó sì ń ran egbò tó ń rà lọ́wọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù níbi tí afẹ́fẹ́ ti le báyẹn, ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ káàkiri ara kò ní lè gbà á mọ́. Ètè á máa jó fúnra rẹ̀, etí á máa hó, ẹ̀gbẹ́ ojú á máa ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni gìrì á dé, gìrì kan náà tí a mọ̀ mọ́ ọmọ ọwọ́, á sì gbé àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n ṣánlẹ̀.

Ìwọ̀n àkókò tí èèyàn lè lò níbẹ̀ kí ewu tó dé ni wọ́n kọ sára ògiri. O bi sístà àgbà, ọ̀gá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, pé ara ta ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ó ní ara àwọn ọkùnrin tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun ni. O ní, “Àwọn obìnrin ńkọ́?” Ó ní wọn kò wọ̀n ọ́n lára obìnrin rí. Dókítà tó ń bójú tó yàrá náà gbọ́ sí i, ó ní òun náà fẹ́ mọ̀. Ní báyìí, wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tó máa fi tinútinú jókòó síbẹ̀, kí wọ́n lè rí ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ máa yọ lára obìnrin. O sì kọ ọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn pé, “Màmá, ṣé kí n wọlé, àbí kí n má wọlé?”

Èsì mi ń bọ̀. Má fò lọ wò ó, nítorí ohun tó wà lójú ọ̀nà ló gbé e ró.

Nígbà tí bàbá rẹ ti ibi iṣẹ́ wẹ́dà dé láti Òṣòdì, mo kà á sí i létí. Ó fi omi bọ́jú, ó jókòó, ó ní, “Atẹ́gùn kì í pọ̀ jù. Ṣé odò ni, tí èèyàn á fi rì sínú rẹ̀?”

Mo ní, “Bàbá Múnírá, ẹ̀wù káki yẹn ńkọ́?”

“Ẹ̀wù káki wo?”

“Èyí tó ku apá kan.”

Ó ní, “Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ atẹ́gùn. Ẹjọ́ sìgá ni.”

“Ta ló wá ki atẹ́gùn bọ inú ẹ̀wù náà?”

O kéré nígbà náà, o lè má rántí. Ní àsìkò ooru, àwọn wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ojú irin a máa ṣí gáàsì ọ́síjìn tí wọ́n fi ń jó irin sínú ẹ̀wù wọn kí òógùn lè gbẹ. Wọ́n ní atẹ́gùn rere ni, òun ni wọ́n ń fún ẹni tó ń kú lọ ní ọsibítù, kí ló lè fi ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le? Bàbá rẹ fẹ́ ẹ sára tán, ara tù ú, ó lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣáná sí sìgá. Ẹ̀wù náà gbaná bí èyí tí a rì sínú epo bẹntiróòlù. Yanrìn ni wọ́n fi pa á. Àpá tó wà ní ìhà rẹ̀ tí o máa ń bi mí léèrè nípa rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó dára náà ni, atẹ́gùn kan náà tí Ọlọ́run fún wa láti mí, àṣé ó ní ìwọ̀n.

Bàbá rẹ fi ọwọ́ pa ìhà rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ó lè pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n obìnrin ò lè gbà á tó ọkùnrin.”

Mo ní, “Ta ló wọ̀n ọ́n?”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Mo kàn mọ̀ ni.”

Mo ní, “Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin náà ti di dókítà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bu oúnjẹ wá. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé orí rẹ pé ju tòun lọ.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ wọ́n.

Èkíní, má gba ìwọ̀n tí wọn kò wọ̀n lára rẹ, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá lóye tó. Kí n tó fẹ́ bàbá rẹ ni mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òṣòdì tó ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ọkùnrin nìkan ló ń rán fún. Bébà ẹ̀wù ọkùnrin, èyí tí a ń tẹ́ sórí aṣọ kí a tó gé e, ló kọ́ mi láti gé, mo sì mọ̀ ọ́n gé débi pé ìgbéraga wọ̀ mí. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá kò sí, obìnrin kan mú aṣọ tó dára wá fún bùbá. N kò wọ̀n ọ́n. Mo wo ara rẹ̀, mo mú bébà ọkùnrin, mo dín in kù yíká, mo gé e. Nígbà tí ó wọ̀ ọ́, èjìká ń wọ́lẹ̀, àyà há. Ó gbọ́wọ́ sókè kí ó tún gèlè rẹ̀ ṣe báyìí ni abíyá faya dé ìhà. Ó wo mí, ó ní, “Ọmọge, ṣé ọkọ mi lo rán an fún ni?”

Mo san owó aṣọ náà. Èyí tó bàjẹ́ ni mo fi rán ẹ̀wù ọmọdé méjì tà, kí gbogbo rẹ̀ má baà ṣègbé. Ọ̀gá mi kò lù mí. Ó kàn ní, “Obìnrin kì í ṣe ọkùnrin tí a dín kù.” N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tó ìyẹn láti ìgbà náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá sọ fún ọ pé, “Ẹ jẹ́ kí a kàn yọ ìṣẹ́jú díẹ̀ kúrò fún àwọn obìnrin, ó tán,” sọ fún un pé àyọkúrò kì í ṣe ìwọ̀n. Ó lè jẹ́ pé ó yẹ kí a yọ, ó lè jẹ́ pé ó yẹ kí a fi kún un. A fi téèpù sí i lára kí a tó mọ̀.

Èkejì. O mọ̀ pé ní àtijọ́, bí wọ́n bá ń ka ataare fún ènìyàn, mẹ́sàn-án ni ti ọkùnrin, méje ni ti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsọmọlórúkọ kí ẹ̀sìn tó dé: ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin. Àwa tí a ń kírun ti kó gbogbo wọn sí ọjọ́ kẹjọ, àbọ̀ ọ̀nà, kí ìjà má baà sí. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, mo rò pé nítorí obìnrin kò lágbára ni wọ́n ṣe dín tirẹ̀ kù. Mo sọ ọ́ lójú ìyá àgbà, níbi tí ó ti ń ka ataare sínú ìkòkò.

Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé méje kéré sí mẹ́sàn-án?”

Mo ní, “Ìṣirò ni, Màmá.”

Ó ní, “Ìṣirò ọjà nìyẹn. Ìṣirò ara lèyí. Méje obìnrin pé, mẹ́sàn-án ọkùnrin pé. Kò sí èyí tó dín.”

Ìdí tí mo fi sọ èyí fún ọ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iye tí ẹ rí máa jáde. Bí ti obìnrin bá kéré, àwọn kan á ní, “Ẹ ò rí i, ọ̀lẹ ni wọ́n.” Bí ó bá pọ̀, àwọn obìnrin á fẹ́ fi yangàn. Má bá wọn dá sí èyíkéyìí. Ara tó tètè ké kò burú ju ara tó pẹ́ kó tó ké lọ, ohun tó burú ni kí a má mọ ìgbà tí yóò ké. Má sì gbé méje àti mẹ́sàn-án wa lọ fún dókítà bí ẹ̀rí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ó yẹ kí a ya ìwọ̀n méjèèjì sọ́tọ̀. Wọn kò wọ yàrá irin rí, wọn kò sì purọ́ pé àwọn wọ̀ ọ́.

Èkẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn eku. Àbẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni mo ti dìde lórí àpótí! O kọ̀wé pé ọkùnrin tó ń tọ́jú eku fún dókítà sọ fún ọ pé akọ àti abo ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sínú atẹ́gùn líle náà. Àwọn akọ ń gbọ̀n ní àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn abo kan tètè gbọ̀n, àwọn mìíràn pẹ́, èyí tó pẹ́ lónìí lè yá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ni wọ́n bá kó àwọn abo kúrò, wọ́n ní wọ́n ń da ìṣirò rú.

Ìwé kẹta ni mo kà, nílé ẹ̀kọ́ àgbà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Bí owó ṣọ́ọ̀bù mi kò bá bára mu, n kì í da owó náà nù. Ohun tí mo gbàgbé láti kà ni mo máa ń wá. Kí ni wọ́n gbàgbé láti kà lára abo eku? Ìwọ nọ́ọ̀sì, o yẹ kí o ti mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Ara obìnrin ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ́ ni ara rẹ̀ láàárín oṣù, ti àárín oṣù kọ́ sì ni ti ìparí. Ìwọ fúnra rẹ, orí máa ń fọ́ ọ kí nǹkan oṣù rẹ tó dé, bí ó bá sì ti dé, ó tán. Orí kan náà ni ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Bí oṣù bá lè fọ́ orí, ta ló sọ pé kò lè yí bí orí ṣe ń gba atẹ́gùn padà? Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lè ṣì í. Ṣùgbọ́n sọ fún dókítà pé kí ó kọ ọjọ́ oṣù obìnrin kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìṣẹ́jú rẹ̀, kí ó sì dá àwọn abo eku padà. Bí ojú bá ń tì í láti béèrè, kí sístà àgbà bá a béèrè. Ìlà kan péré ni lórí ìwé, kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti dé orí ohun tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Ìyàwó tuntun ni ọ́. Bí nǹkan oṣù rẹ bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ́, má wọ yàrá yẹn. Má dúró kí o rí i dájú. Ẹnì kan kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ gbà fún ẹni méjì. Kí Gàníyù mọ̀ sí gbogbo rẹ̀, kí ó sì wà ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ó má jókòó sílé máa wo aago.

Bí wọ́n bá fi owó díẹ̀ lé e, gbà á, o mọ̀ pé n kì í kọ owó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó náà lo ń wọlé tọ̀, fi í sílẹ̀ fún wọn. Má sì wọlé nítorí pé ìwọ nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, tí o fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀rù kì í bà wá. Ẹ̀rù máa ń bà wá. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà.

Ó wá ku ọ̀kan. Òun ló gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó lè kọ ọ́.

Nígbà tí o wà ní kékeré, tí eéwo yọ sí ọ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní díspẹ́ńsárì, o kò ké. O di ètè rẹ mú. Mo gbé ọ jó délé, mo sọ fún gbogbo ará ilé pé ọmọ mi lè pa nǹkan mọ́ra. Bí a ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Nínú ilé wa, obìnrin tó bá rọbí tí ará yàrá kejì kò gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á kì í títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ti bàbá rẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irin bá gún un níka díẹ̀, a máa gbọ́ ọ dé Apákun.

Wá bá mi rò ó. Wọ́n gbé ọkùnrin bíi bàbá rẹ sínú yàrá irin. Ètè rẹ̀ jó lẹ́ẹ̀kan, ó ti ké, wọ́n kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwọ wọlé. Ètè rẹ jó, o fi eyín dì í mú. Etí rẹ ń hó, o ní yóò lọ. O pa á mọ́ra bí mo ṣe kọ́ ọ. Wọ́n ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, “Ẹ wo obìnrin yìí, kò tíì rí nǹkan kan.” Wọ́n á kọ ìṣẹ́jú ìfaradà rẹ sílẹ̀, wọ́n á pè é ní ìṣẹ́jú ọpọlọ rẹ, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì tó bá tẹ̀ lé ọ, tó lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan, iye yẹn ni wọ́n á fi jókòó tì í. Gìrì á mú un lórí irọ́ tí ìwọ pa láìlanu.

Ohun tí ẹ ń wá gan-an, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ibẹ̀ ló máa ti bàjẹ́. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí lè má jẹ́ ti iṣan tàbí ti ọpọlọ rárá. Ó lè jẹ́ ti ilé tí a ti tọ́ wọn. Kò sí dókítà tó lè mọ̀ bí ìwọ kò bá sọ ọ́, nítorí kò tọ́ ọ, èmi ni mo tọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Níbẹ̀ yẹn, tara àwọn ẹlòmíràn náà á bá a dákẹ́.

Nítorí náà, èsì mi ni pé, wọlé. Mo wí i, mo tún un wí, bàbá rẹ sì fọwọ́ sí i. Bí nǹkan oṣù rẹ bá dé lásìkò, bí Gàníyù bá wà níta, bí dókítà bá gbà láti kọ ohun tí mo ní kí ó kọ, wọlé, ọmọ mi, kí Ọlọ́run Ọba wà pẹ̀lú rẹ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ibùdókọ̀ Òṣòdì pé ọmọ mi béèrè ìbéèrè kan, ìbéèrè náà sì ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ ọ nípa ìpamọ́ra, mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ fún ọjọ́ kan yẹn. Fi í sílẹ̀ síta pẹ̀lú bàtà rẹ.

O ní ìbòmú kò ní jẹ́ kí o lè sọ̀rọ̀, pé ara ògiri lẹ máa fi ìka kàn bí nǹkan bá yọ. Bí ètè rẹ bá fò lẹ́ẹ̀kan, ìbáà dá ọ lójú, ìbáà má dá ọ lójú, má fi ìka kan nǹkan kan kóó-kóó bí àlejò tí kò fẹ́ jí onílé. Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì gbá irin náà bí ẹni tó ni ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Múnírá.